Fẹ́lẹ́ àti Ọ̀rá Tó Ń Mu Gáàsì

Fẹ́lẹ́ ni gbogbo èèyàn ń pè é níbi iṣẹ́, ẹni tí kò bá sì tíì rí i rí lè rò pé ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, tí atẹ́gùn lè gbé lọ. Irọ́ gbuu. Ọkùnrin náà sanra débi pé àga kan ṣoṣo ló wà ní yàrá àyẹ̀wò wọn tó ń gbà á láìráhùn, wọ́n sì ti kọ orúkọ rẹ̀ sẹ́yìn àga náà kí ẹlòmíràn má baà jókòó sí i. Bó bá ń bọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, àwọn tó bá pàdé á fẹ̀gbẹ́ ti ògiri, òun á rẹ́rìn-ín, á ní, "Ẹ má bínú, ọ̀nà yìí ló kéré." Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ, kì í ṣe bí ara rẹ̀ ṣe rí. Ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló ń wọ̀n láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ọ̀rá tó fẹ́lẹ́ ju èèpo àlùbọ́sà lọ, tó jẹ́ pé bí o bá sín lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, abẹ́ tábìlì ni wàá ti lọ máa wá a.

Ilé-iṣẹ́ tó ń bá ṣiṣẹ́ ló ń ṣe ọ̀rá tí wọ́n fi ń bo inú àgbá gáàsì. Gáàsì inú irú àgbá bẹ́ẹ̀, wọn kì í rọra dà á síbẹ̀. Ńṣe ni wọ́n ń kì í mọ́lẹ̀ tipátipá títí inú àgbá á fi le gbagidi. Ọ̀rá tó wà nínú ló ń jìyà rẹ̀, torí gáàsì a máa wọ̀ ọ́. Bẹ́ẹ̀ ni, a máa wọ inú ọ̀rá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú ò rí ihò kankan lára rẹ̀. Díẹ̀ nínú gáàsì náà á kàn lẹ̀ mọ́ ojú ọ̀rá, á fìdí lé e bí àlejò tó ní òun ò ní í pẹ́. Ìyókù á wọlé lọ pátápátá, á yọ́ sínú rẹ̀ bí iyọ̀ ṣe ń yọ́ sínú omi, ẹnikẹ́ni ò sì ní í fojú rí i mọ́. Iṣẹ́ Fẹ́lẹ́ ni láti mọ èyí tó lẹ̀ mọ́ ọn àti èyí tó wọlé, kí ó sì sọ bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe pọ̀ tó.

Ìkòkò irin kan ló fi ń ṣe é, ìkòkò tí ara rẹ̀ nípọn bí ògiri. Inú rẹ̀ ni ó ń so ọ̀rá kọ́ sí lára ìwọ̀ kékeré kan. Òṣùwọ̀n fúnra rẹ̀ ò sí nínú ìkòkò o, òkè lóde ló wà. Òòfà ló ń gbé ìwọ̀ náà ró láti òde láìfọwọ́ kàn án, torí pé bí wọ́n bá ti òṣùwọ̀n àti gáàsì mọ́ ojú kan, òṣùwọ̀n á bàjẹ́. Fẹ́lẹ́ á ti ìdérí pa, á yí táàpù díẹ̀, gáàsì á wọlé, nọ́ńbà á máa rìn lójú kọ̀ǹpútà, òun náà á sì máa wò ó bí ẹni ń wo bọ́ọ̀lù. Ìgbà mìíràn wà tí á máa bá ọ̀rá sọ̀rọ̀. "Mu ún, ìyá mi. Mu ún, má tijú." Àwọn tó wà ní yàrá kejì ti gbà pé bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn.

Nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ibi iṣẹ́ náà, ó rí i tí nọ́ńbà ń lọ sókè, tó sì yíjú padà lójijì, tó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀. Ó pariwo pé gáàsì ń jò, ó sì fẹ́ tú gbogbo yàrá ká. Màdáámù, ọ̀gá rẹ̀, kò bá a wí. Ó rẹ́rìn-ín, ó gbé abọ́ omi kan àti ọsàn kan sórí tábìlì, ó fi ṣàlàyé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ fún un títí ó fi yé e yékéyéké. Àlàyé náà dùn mọ́ Fẹ́lẹ́ nínú débi pé ó gbé e délé lọ́jọ́ náà, ó sọ ọ́ lórí oúnjẹ alẹ́, kò sì tíì jáwọ́ nínú sísọ rẹ̀ títí dòní. Ìyàwó rẹ̀ ti mọ ìgbà tó bá kù díẹ̀ kí ọsàn dé inú abọ́. Á ti gbé abọ́ kúrò.

Ilé yìí gan-an ni nǹkan tó ń dun Fẹ́lẹ́ wà.

Aránṣọ ni ìyàwó rẹ̀, ìsàlẹ̀ ilé ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà, òkè ni wọ́n ń gbé. Ó ti bí ọmọbìnrin kan kí òun àti Fẹ́lẹ́ tó pàdé. Bàbá ọmọ náà ti kú nígbà tí ọmọ ṣì wà lọ́mọ ọwọ́. Ọmọ náà kò tíì wọ ilé-ìwé lọ́jọ́ tí Fẹ́lẹ́ kọ́kọ́ wọlé wọn. Ẹ̀yìn ẹ̀rọ ìránṣọ ló lúgọ sí, ó fi ìka sẹ́nu, ó ń wo ikùn àlejò. Ó ti wá di géńdé obìnrin báyìí. Ó ti kàwé jáde, ó ti gba iṣẹ́ olùkọ́ àwọn ọmọ kéékèèké, Tíṣà sì ni gbogbo ilé ń pè é. Ọmọ dáadáa ni, ẹ má ṣì mí gbọ́. Kì í dáhùn lódìlódì, kì í gbàgbé kí ènìyàn. Ẹ̀bi kan ṣoṣo tí Fẹ́lẹ́ rí lọ́wọ́ rẹ̀ ni pé sà ló ń pè é.

"Ẹ káàárọ̀, sà." "Oúnjẹ ti délẹ̀, sà." "Ẹ tún ti gbàgbé kọ́kọ́rọ́ yín sílé, sà."

Ọ̀rọ̀ yìí kì bá tí dùn ún tó bẹ́ẹ̀ bó bá jẹ́ pé bí Tíṣà ṣe ń ṣe sí gbogbo ayé nìyẹn. Ṣùgbọ́n gbogbo èèyàn ló ní orúkọ lẹ́nu rẹ̀. Onílé, Bàbá Àgbà ni. Ọkùnrin tó ń ta oògùn nígun òpópónà, Dókítà ni, bẹ́ẹ̀ òun fúnra rẹ̀ ti sọ fún un pé òun kì í ṣe dókítà. Àwọn olùkọ́ rẹ̀ ọkùnrin látijọ́, Ọ̀gá ni. Ọlọ́pàá tó ń darí ọkọ̀, Ọ̀gá náà ni. Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, ọkùnrin aláriwo kan tó ń ta ibùsùn fóòmù, Dádì Fóòmù ni. Ẹ gbọ́ o, Dádì! Ẹni tó jẹ́ pé á yọjú lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, á jẹun, á fi gbogbo ilé ṣe ẹlẹ́yà, á sì wọ ọkọ̀ rẹ̀ lọ. Fẹ́lẹ́ tó ń fi ẹ̀wù òjò tirẹ̀ bò ó lọ sílé-ìwé, tí òun fúnra rẹ̀ á rin gbindingbindin, òun ni sà. Sà! Ohun tí ènìyàn máa ń sọ sẹ́nu ọ̀nà báǹkì kí wọ́n lè jẹ́ kó wọlé.

Ó ti sọ fún ìyàwó rẹ̀ rí. Ìyàwó rẹ̀ ń fi eyín já òwú lọ́wọ́, kò tilẹ̀ gbójú sókè.

"Ẹ tún ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tó ń gbọ́ràn sí yín lẹ́nu ju bó ṣe ń gbọ́ tèmi lọ."

"Mi ò ní kò gbọ́ràn. Mo ní kò rí orúkọ kankan fi pè mí."

"Ẹ bi í nígbà náà."

Bíbéèrè ni kò ṣeé ṣe. Bí ènìyàn bá bi ọmọ léèrè pé kí ló dé tí kò pe òun ní bàbá, tí ọmọ náà bá wá pè é bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kejì, kí ni adùn ibẹ̀? Fẹ́lẹ́ fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà ti ara rẹ̀ jáde. Nígbà tí ilé bá dákẹ́, á máa rò ó bí ẹni tó ń wọn ọ̀rá: ṣé òun ti wọ inú ilé yìí ni, àbí òun kàn lẹ̀ mọ́ ọn lójú lásán? Ó mọ̀ pé bí wọ́n bá ti dẹ gáàsì díẹ̀, èyí tó lẹ̀ mọ́ ojú ọ̀rá ló ń kọ́kọ́ lọ. Ìrònú yẹn kì í jẹ́ kó gbádùn oúnjẹ rẹ̀, ìyẹn ni pé kì í bu ẹ̀ẹ̀kẹta.

Wàyí o, Tíṣà ti fẹ́ lọ. Wọ́n ti fún un níṣẹ́ ní ìlú mìíràn, ìrìn àjò ọjọ́ kan gbáko, ọjọ́ Ajé ni yóò sì gbéra. Fẹ́lẹ́ sọ fún ara rẹ̀ pé òun fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ kan yẹn lẹ́ẹ̀kan péré kó tó lọ, tí òun bá ti gbọ́ ọ, ó parí. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ pàkúté. Lálẹ́ Ọjọ́rú, Dádì Fóòmù wà ní pálọ̀ pẹ̀lú wọn, Fẹ́lẹ́ wú ikọ́, ó kọjú sí ilé ìdáná, ó ní, "Tíṣà, jọ̀ọ́, bu omi tútù wá fún Dádì." Tíṣà ní, "Ó yá, sà." Ó bu omi dé, ó kúnlẹ̀, ó sì gbé e fún Dádì Fóòmù. Ọkùnrin yẹn kò tilẹ̀ béèrè omi. Ó gbé e mu tán, ó gùnfẹ̀ bí ẹni tó jẹun yó.

"Àna mi, ẹ ṣeun o," ó wí. "Ẹ mọ̀ pé òùngbẹ ń gbẹ mí."

Fẹ́lẹ́ dìde, ó lọ bu omi tirẹ̀.

Àna rẹ̀ yìí kò fi iṣẹ́ Fẹ́lẹ́ lọ́rùn sílẹ̀ rí. Lójú tirẹ̀, ẹni tó bá ń lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́ láti lọ wọn afẹ́fẹ́, ibi tó ń lọ gan-an ló ń fi pamọ́. "Èmi ń ta afẹ́fẹ́," ni ó máa ń sọ, á na ọwọ́ bí ẹni tó ń tẹ ibùsùn wò, "ṣùgbọ́n àwọn oníbàárà mi ń rí nǹkan sùn lé. Tiyín ńkọ́, àna mi? Ta ló ń sùn lórí tiyín?" Tíṣà á máa rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn pẹ̀lú ń dun Fẹ́lẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun náà máa ń rẹ́rìn-ín, torí ọkùnrin yẹn mọ àwàdà ṣe, ká sọ tòótọ́.

Ó wá bọ́ sí i pé ilé-iṣẹ́ wọn fẹ́ ṣí ilẹ̀kùn fún àwọn ará ilé òṣìṣẹ́ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, kí kálukú lè wá wo ohun tí ẹni rẹ̀ ń ṣe. Màdáámù ní kí Fẹ́lẹ́ fi ìkòkò irin han àwọn àlejò. Inú Fẹ́lẹ́ dùn, ẹ̀rù sì bà á. Ó rò ó pé bí Tíṣà bá rí òun nínú ẹ̀wù funfun, tí òun ń yí táàpù, tí gbogbo èèyàn ń wò, bóyá ọ̀rọ̀ náà á ti ara rẹ̀ bọ́ sílẹ̀. Ọjọ́ Ẹtì ló ti so ọ̀rá tuntun kan kọ́ sínú ìkòkò, tó jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ sí í mu gáàsì díẹ̀díẹ̀, torí ọ̀rá kì í kánjú mu ún, kò sì fẹ́ kí àwọn àlejò dúró kí ẹsẹ̀ máa ro wọ́n.

Ọkọ̀ akẹ́rù ni Dádì Fóòmù fi kó wọn wá, ibùsùn kún ẹ̀yìn rẹ̀ fọ́fọ́. Ìyàwó Fẹ́lẹ́ wọ aṣọ tó rán fúnra rẹ̀ lálẹ́ àná. Tíṣà dúró létí ògiri, ó ká ọwọ́ mọ́ àyà, ó ń wo gbogbo páìpù yẹn bí ẹni tó ti mọ̀ wọ́n tẹ́lẹ̀. Àwọn àlejò mìíràn kún yàrá, ìdílé ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ṣe àti ìdílé ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, Màdáámù sì dúró lẹ́yìn gbogbo wọn. Fẹ́lẹ́ bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Ó fi ọ̀rá hàn wọ́n, ó fi ìkòkò hàn wọ́n, ó ní, "Ẹ máa wo nọ́ńbà yìí. Bí ọ̀rá bá ń mu gáàsì, ó ń wúwo sí i nìyẹn." Ó yí táàpù. Nọ́ńbà gòkè. Ẹnu ya àwọn èèyàn. Ó tún yí i, ó tún gòkè díẹ̀. Ó yí i lẹ́ẹ̀kẹta, nọ́ńbà dúró bí ẹni tó ń ronú, ó wá yíjú padà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀.

"Ó tán!" Dádì Fóòmù ti pariwo. "Ó ti ń bì! Àna mi, ọ̀rá yín ti yó, ó ń bì!"

Yàrá dà rú fún ẹ̀rín. Ìyàwó ẹ̀ṣọ́ di ikùn mú. Fẹ́lẹ́ náà rẹ́rìn-ín, ó ya ẹnu láti ṣàlàyé, ó sì rí i pé gbogbo ojú wà lára òun, ojú Tíṣà pẹ̀lú. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó ti ń sọ lórí oúnjẹ láti ọjọ́ pípẹ́ sá lọ ní orí rẹ̀ pátápátá. Ó ní, "Rárá o, ọsàn... ìyẹn ni pé... omi ni..." Ó ń fi ọwọ́ ṣàpèjúwe abọ́ tí kò sí níbẹ̀. Òógùn bo iwájú orí rẹ̀.

"Ọsàn wo?" Dádì Fóòmù bi í. "Ẹ ní gáàsì ni ó ń mu, ó ti di ọsàn?"

"Dádì Fóòmù," Tíṣà wí.

Ohùn tó fi sọ ọ́ kò ga. Ohùn kíláàsì ni, èyí tó ń mú kí ọmọ tó ń jẹ ẹ̀pà lẹ́yìn ìwé dá ẹnu dúró. Dádì Fóòmù kọjú sí i.

"Bí ẹ bá wọ inú odò, tí omi dé yín lọ́rùn, ṣé ara yín máa ń wúwo bíi ti orí ilẹ̀?"

"Rárá. Ó máa ń fúyẹ́."

"Ṣé ẹ ti rù ni?"

"Èmi kẹ̀? Báwo ni màá ṣe rù láàárín ìṣẹ́jú kan?"

"Kí ló dé tí ẹ fi fúyẹ́ nígbà náà?"

Dádì Fóòmù wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Omi ló ń gbé mi."

"Ẹ káre láé. Gáàsì inú ìkòkò yẹn náà, wọ́n ti fún un pọ̀ débi pé ó ti ki, ó ti ń ṣe bí omi. Òun ló ń gbé ọ̀rá sókè. Ọ̀rá ń mu ún lóòótọ́, ó sì ń wú bó ṣe ń mu ún. Bó bá ṣe ń wú ni gáàsì ń rí ibi gbé e sí i. Èyí tí gáàsì ń gbé yẹn ló wá pọ̀ ju èyí tí ọ̀rá mu lọ, ni nọ́ńbà fi ń sọ̀ kalẹ̀. Ẹ ò gbọdọ̀ gba nọ́ńbà yẹn gbọ́ bó ṣe rí yẹn. Ẹ gbọ́dọ̀ dá ohun tí gáàsì gbé padà lé e lórí kí ẹ tó mọ bí nǹkan tó wọlé ṣe pọ̀ tó. Ó lè pọ̀ gan-an, kí nọ́ńbà sì máa lọ sílẹ̀."

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Màdáámù ń mi orí lẹ́yìn. Fẹ́lẹ́ di táàpù mú, ó ń wo ọmọ tó jẹ́ pé bí òun bá ti mú ọsàn lórí tábìlì, ńṣe ló máa ń tẹjú mọ́ egungun ẹja rẹ̀ bí ẹni tí kò gbọ́ nǹkan kan.

"Ta ló kọ́ ẹ nírú nǹkan báyìí?" Dádì Fóòmù bi í.

"Sà ni."

"Sà wo? Èyí tó kọ́ ẹ nílé-ìwé?"

Tíṣà wò ó bí ẹni tó ń wo ọmọ tó ṣi orúkọ ara rẹ̀ kọ. "Sà wo kẹ̀? Sà mi. Bàbá mi! Sà mélòó la ní nínú ilé?"

Ẹni tó bá wà níbẹ̀ tí kò mọ ìtàn á ní ọ̀rọ̀ lásán ni wọ́n sọ. Tíṣà fúnra rẹ̀ kò mọ̀ pé òun sọ nǹkan kan, ó ti yíjú sí ọmọ ẹ̀ṣọ́ tó fẹ́ fọwọ́ kan páìpù. Ṣùgbọ́n orí Fẹ́lẹ́ wú, ó dé ẹsẹ̀. Àkókò ti tó láti tú gáàsì náà sílẹ̀, ó sì mọ̀ bí wọ́n ṣe ń tú u, ó ń kọ́ àwọn ẹlòmíràn: díẹ̀díẹ̀ ni, pẹ̀lú ẹ̀sọ̀. Kò mọ ìgbà tí ọwọ́ rẹ̀ yí táàpù dé òpin.

Gáàsì gba páìpù jáde sí ẹ̀yìnkùlé, ó ń ké ṣììììì, àwọn ẹyẹ orí òrùlé fò lọ tìbẹ̀rùtìbẹ̀rù. Màdáámù pariwo, "Fẹ́lẹ́! Táàpù!" Fẹ́lẹ́ ti i padà, ṣùgbọ́n ẹ̀pa ò bóró mọ́. Nígbà tí wọ́n ṣí ìkòkò, ọ̀rá tó mọ́ gaara bí omi lánàá ti funfun, ó ti wú kúlúkúlú, ó kún fún ihò wẹ́wẹ́. Èyí tó lẹ̀ mọ́ ojú rẹ̀ ti sá lọ lẹ́sẹ̀ kan náà. Èyí tó wà nínú lọ́hùn-ún kò rí àyè dé ẹnu ọ̀nà, ó sì fẹ̀ níbi tó wà.

Dádì Fóòmù mú un, ó tẹ̀ ẹ́ láàárín ìka méjì, ó gbọ́ bó ṣe rọ̀, ojú rẹ̀ sì tàn. "Fóòmù!" ó kígbe. "Àna mi, fóòmù nìyí! Ẹ ti wọ iṣẹ́ mi! Ẹ kàn sọ fún mi pé ẹ fẹ́ di ọ̀gá, màá gbà yín sẹ́nu iṣẹ́!"

Màdáámù sún mọ́ Fẹ́lẹ́. Láti ìgbà tí wọ́n ti jọ ń ṣiṣẹ́, kò tíì ba ọ̀rá kankan jẹ́ báyìí rí.

"Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Ọwọ́ mi ló yọ̀, Màdáámù. Ẹ má bínú."

Màdáámù wo Tíṣà, ó tún wo Fẹ́lẹ́ tí omi lé ròrò lójú rẹ̀ tó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. "Ó yé mi," ó wí. "Ọ̀rá wà nílé ìkópamọ́ o. Ẹ so òmíràn kọ́ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun."

Nígbà tí wọ́n ń padà lọ, ìyàwó rẹ̀ jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Fẹ́lẹ́ àti Tíṣà sì wà lẹ́yìn lórí ibùsùn. Ìdajì ibùsùn ló wọlẹ̀ lábẹ́ Fẹ́lẹ́, ìdajì tí Tíṣà jókòó lé gòkè, ó ń dì mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ kó má baà yọ̀ wá bá a. Ọ̀rá tó bàjẹ́ wà lọ́wọ́ Tíṣà. Ó ní òun fẹ́ fi han àwọn ọmọ kíláàsì òun. Fẹ́lẹ́ wò ó títí. Ó rí i pé òun lè béèrè wàyí, nítorí èyí tí òun fẹ́ gbọ́, òun ti gbọ́ ọ.

"Tíṣà, kí ló dé tó fi jẹ́ pé sà lo ń pè mí láti ọjọ́ yìí wá?"

Tíṣà bú sẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ bojú. "Ẹ má jẹ́ kí Dádì Fóòmù gbọ́ o, kò ní í jẹ́ kí n gbádùn. Lọ́jọ́ tí ẹ kọ́kọ́ wá, mo wà lẹ́yìn ẹ̀rọ Màmá. Màmá fà mí jáde, wọ́n ní, 'Kí sà.' Mo rò pé orúkọ yín nìyẹn."

"Orúkọ mi?"

"Bí wọ́n ṣe ń sọ pé, 'Kí Bàbá Àgbà,' 'Kí Dókítà.' Mo ní ó dáa, ẹni yìí ń jẹ́ Sà. Sà tó ń ra bisikíìtì. Sà tó ń fi ẹ̀wù òjò rẹ̀ bò mí. Ìgbà tí wọ́n wá gbé mi lọ sí kíláàsì tí ọkùnrin ń kọ́, ó ní gbogbo wa gbọ́dọ̀ máa dá òun lóhùn pé, 'Bẹ́ẹ̀ ni, sà.' Ha! Inú bí mi. Mo ní kí ló kàn án pẹ̀lú orúkọ Sà mi? Mo kọ̀, mi ò pè é. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ nà mí níjọ́ yẹn. Ọ̀gá ni mo pè é títí mo fi kúrò ní kíláàsì rẹ̀."

"Nígbà tó wá yé ẹ ńkọ́?"

"Ẹnu mi ti mọ́ ọn nígbà yẹn. Mi ò sì pe ẹlòmíràn bẹ́ẹ̀ rí, ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Ṣé kì í dùn mọ́ yín ni?"

Fẹ́lẹ́ ń rántí gbogbo àárọ̀ yẹn, gbogbo "ẹ káàárọ̀, sà," tí òun ti ka ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sí pé ọmọ náà ń lọ jìnnà sí òun. Òun, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ pé kó má gba nọ́ńbà gbọ́ bó ṣe rí! Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà mì ín, ibùsùn mì, Tíṣà yọ̀ láti òkè wá bá a nísàlẹ̀, àwọn méjèèjì sì ń rẹ́rìn-ín débi pé Dádì Fóòmù fi ọwọ́ gbá ẹ̀yìn ọkọ̀.

"Ẹ rọra o! Títà ni mo fẹ́ tà á!"

"Ó ń dùn mọ́ mi," Fẹ́lẹ́ wí nígbà tó rí ohùn. "Ó ń dùn mọ́ mi gan-an."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, gbogbo wọn sin ín lọ sí ibùdó ọkọ̀. Ìyá rẹ̀ ń to oúnjẹ sínú àpò rẹ̀ bí ẹni pé kò sí oúnjẹ níbi tó ń lọ. Dádì Fóòmù fún un ní ìrọ̀rí, ó ní kó sọ fún àwọn ará ibẹ̀ pé òun lè kó ibùsùn wá. Ọ̀rá tó di fóòmù wà nínú àpò ọwọ́ Tíṣà, ó fi aṣọ dì í dáadáa. Ó wọlé, ó rí ìjókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó ṣí i, ó yọ orí.

"Ó dàbọ̀, Sà!"

Agbérò tó ń pe èrò sínú ọkọ̀ náà dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú fìlà lórí, ó yíjú sókè, ó juwọ́ sí i tìdùnnú-tìdùnnú. "Ó dàbọ̀ o, ọmọ mi. Ọlọ́run á mú yín dé láyọ̀."

Fẹ́lẹ́ fi ọwọ́ gbá a léjìká pẹ̀lẹ́, ó tì í sápá kan kí fèrèsé lè hàn.

"Ẹ má bínú, ọ̀rẹ́ mi," ó wí. "Èmi ni Sà. Èmi ló ń pè."